Etí Òsì Ànúolúwa

Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí. Bó bá jẹ́ àlọ́ ni, ǹ bá ti fi ìjàpá sí i kí ó lè pa yín lẹ́rìn-ín. Ilé náà ṣì wà ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ dòní, páànù orí rẹ̀ ti dípẹtà, àwọn ará ibẹ̀ sì ń fín igbá bí àwọn baba wọn ti ń fín in. Ẹni tó bá fẹ́ lè lọ bá wọn ra igbá. Kí ó ṣáà má dáhùn bí ó bá gbọ́ tí ẹnì kan pè é láti ẹ̀yìnkùlé.

Dorcas kò mọ èyí nígbà tó wọlé ọkọ. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, aránṣọ ni, ilé ìyá rẹ̀ kò jìnnà sí Sábó, inú ìjọ Aládùúrà ni wọ́n sì ti tọ́ ọ dàgbà. Fọlábí tó fẹ́ ẹ jẹ́ ẹni jẹ́ẹ́ tó ń fín igbá. Ohun tí Fọlábí kò sọ fún un kí wọ́n tó ṣègbéyàwó ni pé àwọn kan wà nínú ilé wọn tí ẹyinjú wọn kò dúdú.

Àǹtí Ràmọ́tà, àbúrò bàbá Fọlábí, ni ó kọ́kọ́ rí. Ẹyinjú obìnrin náà méjèèjì dà bí aró tí omi ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Irun iwájú orí rẹ̀ ti funfun láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Adití ni, kò sì lè sọ̀rọ̀. Àlàmú, ẹ̀gbọ́n Fọlábí, rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ojú àwọn ará àdúgbò ti mọ́ wọn, ojú Dorcas náà sì mọ́ wọn nígbà tó yá. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ sọ̀rọ̀. Àǹtí Ràmọ́tà fẹ́ràn rẹ̀ bí ọmọ inú ara rẹ̀, kì í jẹ́ kí ó dá gbé omi.

Ohun kan ṣoṣo ni ojú Dorcas kò gbà.

Nígbà mìíràn, bí oòrùn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀, tí wọn kò tíì tan àtùpà, Àǹtí Ràmọ́tà á dáwọ́ dúró nídìí ẹ̀wà tó ń ṣà. Àlàmú tó wà nínú yàrá tirẹ̀, tí kò rí i, á gbé ọbẹ kúrò lára igbá. Àwọn méjèèjì á yí orí sí ibì kan náà, síhà ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé. Wọn á fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu. Wọn á dúró bẹ́ẹ̀. Àwọn ewúrẹ́ tó wà lẹ́bàá ògiri pàápàá á dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ á sọ̀ kalẹ̀. Ọbẹ á tún bẹ̀rẹ̀ sí í ha igbá, ẹ̀wà á tún máa dún nínú àwo.

Dorcas kò gbọ́ nǹkan kan rí.

"Kí ni wọ́n ń ṣe yẹn?" ó bi Fọlábí.

"Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn."

"Kí ni wọ́n ń gbọ́?"

"Adití ni wọ́n, Dorcas. Kí ni adití ń gbọ́?"

Fọlábí rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó dìde, ó lọ ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé.

Ní ìparí ọdún 1985, Dorcas bí obìnrin. Wọ́n sọ ọ́ ní Ànúolúwa. Àwọn obìnrin ilé ń yọ̀, Àǹtí Ràmọ́tà ń jó lẹ́nu ọ̀nà láìsí ìlù, títí ọmọ fi la ojú dáadáa. Ojú ọ̀tún rẹ̀ dúdú. Ti òsì jẹ́ aró. Àǹtí Ràmọ́tà wo ojú kan, ó wo èkejì, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó gbé ọmọ padà fún ìyá rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gbé ohun gbígbóná lé lọ́wọ́.

Kì í ṣe ojú ló ń ba Dorcas lẹ́rù. Etí ni. Kò fẹ́ kí ọmọ òun gbé ayé láìmọ ohùn òun. Bí ọmọ bá sùn, á dúró lẹ́yìn rẹ̀, á pàtẹ́wọ́. Á jẹ́ kí ọmọrí ìkòkò bọ́ sílẹ̀. Ìgbà mìíràn ọmọ á ta gìrì, ìgbà mìíràn kò ní mira. Dorcas gbààwẹ̀, ó gbàdúrà, oorun sì dá lójú rẹ̀. Nígbà tí ọmọ rìn tán tí kò tíì sọ̀rọ̀, ó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Dókítà Káyọ̀dé ni wọ́n bá níbẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin tó máa ń kí aláìsàn kí aláìsàn tó kí i. Ó wo ojú ọmọ pẹ́. Ó béèrè nípa ará ilé bàbá rẹ̀. Dorcas sọ ti Àǹtí Ràmọ́tà fún un, ó sọ ti Àlàmú, ti irun funfun àti ẹyinjú aró.

"Mà, kò sẹ́ni tó ṣe yín," ni dókítà wí. "Inú ẹ̀jẹ̀ ìdílé ló wà. Jíìnì là ń pè é. Òun ló ń darí bí ara ọmọ ṣe ń di ara nígbà tó ṣì wà níkùn."

"Báwo ló ṣe ń darí ẹ̀?"

"Ẹ wò ó. Nígbà tí oyún ò tíì ju hóró ẹ̀wà lọ, àwọn nǹkan wínníwínní kan wà lẹ́yìn ẹ̀, níbi tí ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á gbéra níbẹ̀, wọ́n á máa rìn. Àwọn kan ń lọ sójú, àwọn ló ń mú un dúdú. Àwọn kan ń lọ sínú irun. Àwọn kan ń lọ sínú etí lọ́hùn-ún, táwọn yẹn ò bá sì débẹ̀, etí ò ní gbọ́. Jíìnì yìí ló ń sọ fún wọn pé kí wọ́n gba ibí, kí wọ́n gba ọ̀hún. Tí ò bá sọ ọ́ re, wọ́n á ṣìnà."

Dorcas gbọ́ ọ, ó sì rò ó.

"Àwọn tó ṣìnà yẹn ńkọ́, sà? Ibo ni wọ́n wà?"

Dókítà wò ó. Ó dà bí ẹni pé kò sẹ́ni tó bi í bẹ́ẹ̀ rí. "Wọ́n á kú sọ́nà, mà," ó ní.

Ó mú irin kan tó ní ìka méjì, ó gbá a mọ́ orúnkún ara rẹ̀, irin náà sì ń dún wìnnn. Ó gbé e sí etí ọ̀tún Ànú. Ànú rẹ́rìn-ín, ó fẹ́ gbà á. Ó gbé e sí ti òsì láti ẹ̀yìn. Ọmọ kò mira.

"Etí ọ̀tún dáa gan-an," ni dókítà wí. "Ẹyọ kan tó o, mà. Ẹ máa bá a sọ̀rọ̀. Ẹ máa pè é dáadáa."

Omijé bọ́ lójú Dorcas. Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́. Dókítà yíjú láti fi irin rẹ̀ sínú àpótí. Gbogbo yàrá pa lọ́lọ́. Nígbà náà ni Ànú yí orí sí òsì, sí ògiri funfun tí nǹkan kan kò sí lára rẹ̀. Ó tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bí ọmọdé ṣe ń ṣe bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí i létí. Dókítà kò rí i. Dorcas rí i, ó gbé ọmọ rẹ̀ pọ̀n, ó sì jáde. Ẹni tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ kì í fẹ́ wádìí.

Bí wọ́n ti padà sí Ọ̀yọ́ ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde: ọmọ tí a bá pè gbọdọ̀ dáhùn, a kò sì gbọdọ̀ pè é lẹ́ẹ̀mejì. Dorcas á wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, Ànú á máa fi àkísà aṣọ ṣeré lẹ́yìn rẹ̀.

"Ànú."

"Mà."

"Wá."

Ọmọ á wá, á kúnlẹ̀. Ìyá rẹ̀ á lọ sí ilé ìdáná, á pè é láti ibẹ̀. Á fara pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, á pè é. Á pè é kẹ́lẹ́, á pè é sókè. "Mà," ni Ànú ń wí ní gbogbo ìgbà, á sì sáré wá. Bí ó ti ń dáhùn ni ọkàn Dorcas ń rọ̀. Kò sí ohùn tó dùn létí rẹ̀ tó "mà" yẹn.

Àwọn ìyá mìíràn a máa fi ohun kan kún ẹ̀kọ́ yìí: bí o kò bá rí ẹni tó pè ọ́, pa ẹnu rẹ mọ́. Dorcas mọ̀ ọ́n. Ìyá tirẹ̀ fi kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n etí kan ṣoṣo ni ọmọ rẹ̀ ní, ẹ̀rù sì ń bà á pé bí òun bá fi ìfòyà sí i, ó lè máa ṣiyèméjì, kó má dáhùn mọ́. Nítorí náà kò fi èyí kọ́ ọ.

Àǹtí Ràmọ́tà kò fẹ́ ẹ̀kọ́ náà rárá. Bí Ànú bá ti ṣí ẹnu láti dáhùn, obìnrin náà á sáré wá láti ibi yòówù kó wà, á fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó lẹ́nu. Á máa mi orí sí Dorcas. Á nàka sí ẹ̀yìnkùlé, á nàka sí ẹnu ọmọ, á mi orí títí omi á fi yọ lójú rẹ̀. Dorcas rò pé ìlara ni. Ó rò pé ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ ni kò fẹ́ kí ọmọ òun sọ̀rọ̀. Ó dùn ún wọra.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Àlàmú gbé ọbẹ kúrò lára igbá. Àǹtí Ràmọ́tà yí orí, ó fi ọwọ́ kan bo ẹnu ara rẹ̀. Ọwọ́ kejì ló fi bo ti Ànú, ó sì fi agbára bò ó dé ibi pé èékánná rẹ̀ ya ọmọ ní ètè. Ẹ̀jẹ̀ jáde. Dorcas já ọmọ rẹ̀ gbà, ó wọ yàrá lọ palẹ̀ ẹrù mọ́.

"Wọn ò fìkà ṣe é," Fọlábí bẹ̀ ẹ́.

"Kí ni wọ́n wá fi ṣe é, Bàbá Ànú? Ẹ sọ fún mi."

Fọlábí wo ilẹ̀. Nínú ilé tí ẹni méjì kò ti lè sọ̀rọ̀, òun tó lẹ́nu ni kò sọ.

Dorcas gbé ọmọ rẹ̀ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ìgbà ọyẹ́ ni, eruku bo ojú ọ̀nà, ètè gbogbo ayé ń sán. Ara tù ú nílé ìyá rẹ̀. Láàárọ̀, á máa gbọ́ ariwo àwọn oníṣòwò Sábó tó ń ná àlùbọ́sà. Nírọ̀lẹ́, ladani á pe ìrun, ìyá rẹ̀ á máa kọrin Aládùúrà nídìí iná, àwọn méjèèjì kò sì dí ara wọn lọ́wọ́. Kò sí ẹni tó ń yí orí níbẹ̀. Kò sí ẹni tó ń fi ọwọ́ bo ẹnu. Kò wá sí i lọ́kàn pé àwọn tó sá fún yẹn nìkan ló lè sọ fún òun ìgbà tí ìpè náà bá dé.

Ní ìrọ̀lẹ́ kan, ó ń rán bùbá. Ìyá rẹ̀ ti lọ sí ìsọjí. Ladani ti pe ìrun tán. Iná NẸ́PÀ lọ, ẹ̀rọ ìlọta tó ń dún lójúde sì kú. Ewúrẹ́ tó ń ké lábẹ́ fèrèsé dákẹ́. Dorcas gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ, kò sì mọ ìdí tí òun fi gbé e.

"Mà," ni Ànú wí lẹ́yìn rẹ̀.

"N ò pè ọ́, ọmọ mi."

Ó yíjú. Ọmọ náà ti dìde lórí àkísà aṣọ. Etí òsì rẹ̀ kọ sí ẹnu ọ̀nà.

"Mà," ó tún wí. Ó kúnlẹ̀, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà tó ṣófo, ó kúnlẹ̀ dáadáa bí wọ́n ti kọ́ ọ.

"Ànú, ta ló pè ọ́?"

Ọmọ kò wo ìyá rẹ̀. Ó ń gbọ́rọ̀. Ó mi orí díẹ̀díẹ̀, bí ọmọ tí wọ́n ń rán níṣẹ́ tó fẹ́ kí iṣẹ́ náà yé òun.

"Mò ń bọ̀, mà," ó ní. "Ẹ jẹ́ kí n wọ bàtà."

Dorcas fò mọ́ ọn, ó gbé e, ó fi ọ̀já dì í mọ́ àyà, ó sì ti gbogbo ilẹ̀kùn. Ìyá rẹ̀ dé, ó bá a bẹ́ẹ̀ lórí ibùsùn, ó ń ka Sáàmù láìwo ìwé. Ọmọ ń sùn ní tirẹ̀.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Fọlábí ni, pẹ̀lú Àǹtí Ràmọ́tà, eruku ọ̀nà Ọ̀yọ́ lára àwọn méjèèjì. Kò sẹ́ni tó ránṣẹ́ sí wọn.

"Ìrọ̀lẹ́ àná ni Àǹtí bẹ̀rẹ̀ sí í fà mí láṣọ," Fọlábí wí. "Wọ́n ń nàka sí ẹnu, wọ́n ń nàka sí ọ̀nà ibí. Wọ́n ń sunkún. Dorcas, ṣé ó ti dáhùn?"

Dorcas yíjú sí ọmọ tó ń sùn. Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Àǹtí Ràmọ́tà rí orí tó mì, ó sì fi ẹ̀yìn ti ògiri.

Nígbà náà ni Fọlábí tó wá sọ ọ́. Àǹtí Ràmọ́tà ní àbúrò kan láyé ọjọ́un, Asíyah ni wọ́n ń pè é. Ojú rẹ̀ kan dúdú, ìkejì jẹ́ aró. Ó ń gbọ́ràn, ó sì ń sọ̀rọ̀, inú gbogbo ilé sì dùn sí i. Bàbá wọn lọ bá àwọn tó ń ṣiṣẹ́ awọ, ó ní kí wọ́n ṣe sálúbàtà fún un, kí wọ́n fi òwú pupa rán òdòdó sí i.

"Ìrọ̀lẹ́ kan ni wọ́n gbọ́ tó jẹ́ ìpè," Fọlábí wí. "Wọ́n bí i pé ta ló pè é, kò dá wọn lóhùn. Bó ṣe ṣe títí tó fi lọ nìyẹn. A ò rí i, a ò rí sálúbàtà náà. Bàbá mi ní àwọn tó kù tójú wọn rí bẹ́ẹ̀ bọ́ nítorí pé wọn ò lè dáhùn ni."

"Ẹ mọ̀, ẹ ò sọ fún mi?"

"Mo rò pé ìtàn àgbà ni. Mo rò pé tí n ò bá sọ ọ́, ó lè má rí bẹ́ẹ̀."

Dorcas bínú sí i, ìbínú náà kò sì tíì tán títí di òní. Ṣùgbọ́n ọmọ ló ṣe pàtàkì. Wọ́n padà sí Ọ̀yọ́, kí àwọn tó ń gbọ́ ìpè lè máa ṣọ́ ọ.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i pé ọ̀rọ̀ ti kọjá bẹ́ẹ̀. Dorcas dúró lẹ́yìn Ànú ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó pè é. Ọmọ kò yíjú. Ó gbá igbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí ọ̀tún rẹ̀. Ọmọ ń bá eré rẹ̀ lọ. Wọ́n gbé e padà lọ bá Dókítà Káyọ̀dé, ó gbé irin sí i létí, ó wò ó síwá sẹ́yìn. Ó ní kò sí nǹkan tó bàjẹ́ níbẹ̀. Ó ní ohun tí kò yé òun nìyẹn. Ohùn ìyá rẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ Ànú mọ́, ohùn kan náà tí Dorcas gbààwẹ̀ nítorí rẹ̀.

Lójú ìrọ̀lẹ́, Àǹtí Ràmọ́tà á jókòó sí ọ̀tún ọmọ, Dorcas á jókòó sí òsì. Àtẹ́lẹwọ́ wọn wà ní sẹpẹ́. Wọ́n ń wojú Àlàmú, kó tó yí orí. Àlàmú kò yí orí mọ́. Ọbẹ rẹ̀ kò dáwọ́ dúró mọ́. Àwọn tó ń pè kò pe àwọn adití mọ́. Wọ́n ti rí ẹni tó ń dá wọn lóhùn. Ànú nìkan ló ń dá orí yí, bí àwọn obìnrin bá sì tilẹ̀ bò ó lẹ́nu, á máa mi orí lábẹ́ ọwọ́ wọn, bí ọmọ tó mọ̀wàá hù. Bí wọ́n bá sọ ọwọ́ kalẹ̀, á máa wo abẹ́ ibùsùn, á máa wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Bàtà ló ń wá.

Dorcas kó gbogbo bàtà ọmọ náà, ó jó wọn. Ó kó ti àwọn ọmọ ilé yòókù. Kò sí bàtà ọmọdé nínú ilé náà mọ́. Bí àlejò bá mú ọmọ wá, ìta ni wọ́n ti ń gba bàtà rẹ̀, wọ́n á tì í mọ́ inú àpótí. Àwọn ará àdúgbò ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ilé onígbá ti di mọ́ṣáláṣí. Dorcas gbọ́, kò dáhùn. Bí ó bá ń ránṣọ, ọ̀rọ̀ tó bi dókítà a máa padà sí i lọ́kàn. Àwọn tó gbéra tí wọn kò débi tí wọ́n ń lọ. Dókítà ní wọ́n kú sọ́nà. Dókítà kò bá wọn rìn.

Bí ó ti wà nìyẹn títí di àkọ́rọ̀ òjò ọdún 1989. Òjò rọ̀ ní ọ̀sán, ó dá nírọ̀lẹ́. Dorcas ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé láti da omi nù, ó sì dúró.

Sálúbàtà kékeré kan, tọ̀tún tòsì, wà lórí àtẹ̀gùn. Awọ ni, irú èyí tí wọn kì í ṣe mọ́. Òjò ti lu gbogbo àgbàlá, sálúbàtà gbẹ. Ẹnì kan ti fi òróró pa á, ó ń dán. Òwú pupa ni wọ́n fi rán òdòdó orí rẹ̀, imú rẹ̀ méjèèjì sì kọjú sí ìta.

Àǹtí Ràmọ́tà dé lẹ́yìn rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú ọ̀kan, ó fi àtàǹpàkò ra òdòdó náà. Ó gbé e mọ́ àyà, ẹnu rẹ̀ ṣí, kò sì sí ohùn kankan tó jáde.

Ilẹ̀kùn ṣì wà ní ṣíṣí. Ewúrẹ́ dákẹ́.

"Mà," ni Ànú wí nínú ilé.

Ó jáde wá sí ẹnu ọ̀nà. Ó rí sálúbàtà lọ́wọ́ àǹtí, ó rí ìkejì nílẹ̀. Ojú rẹ̀ méjèèjì tàn, èyí tó dúdú àti èyí tó jẹ́ aró. Ó kúnlẹ̀ sí àgbàlá tó ṣófo, ó ní, "Ẹ ṣé, mà." Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn. Lẹ́yìn náà ó na ẹsẹ̀ sí ìyá rẹ̀, bí ó ti máa ń nà án tẹ́lẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ ìsinmi bí wọ́n bá fẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kí ó bá òun wọ̀ ọ́.

Dorcas fi ọwọ́ méjèèjì di ẹsẹ̀ náà mú.